Ọmọ tó ti ń yí gbirigbiri lójú oorun: Ìyá ọkọ ní kó dojú bolẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀

Ìjà tó máa ń wà láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé pọ̀ lóríṣiríṣi. Wọ́n ń jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọ́n ń jà lórí owó oúnjẹ, wọ́n ń jà pé ìyàwó kì í tètè jí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkómọ, bí ọmọ tuntun ṣe máa sùn ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ, yàrá kan àti pálọ̀ ní Agége, ọkọ ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyá àgbà á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, á dà á dojú bolẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, á rọra máa gbá a nídìí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ọmọ á sì sùn fọnfọn. Bí ìyá àgbà bá ti jáde báyìí ni ìyàwó á yọ́ wọlé, á yí ọmọ padà, á fẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀. Kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ á fi ta gìrì, tó máa figbe bọnu.

"Ìyàwó mi, ta ló ní kó o yí ọmọ padà?"

"Ẹ má bínú, Mààmi. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ fún wa nígbà tá a lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé ẹ̀yìn ni kó máa fi sùn."

"Nọ́ọ̀sì kẹ̀! Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, àyà ni gbogbo wọn fi sùn, èyí tó gbé ẹ níyàwó náà wà níbẹ̀. Ṣé ó kú ni?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló máa ń pa ìyàwó lẹ́nu mọ́. Kí lèèyàn fẹ́ fèsì? Ọkọ ẹ̀ rèé lóòótọ́, ó ga, ó sanra, kò sóhun tó ṣe é. Ohun tí ìyá àgbà ò sì lè mẹ́nu bà ni tàwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n sùn tí wọn ò jí, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fẹ̀sùn kan àwọn ará ilé, tí wọ́n ní ayé ló ṣe é, tàbí tí wọ́n ní abíkú ni. Ìyàwó ilé míì wà tó jẹ́ pé orí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ló bá jáde nílé ọkọ.

Ká má parọ́, ìyá àgbà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Àwọn òyìnbó gan-an ló ń kọ́ aráyé bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Dókítà ọmọdé kan wà ní Amẹ́ríkà, Benjamin Spock lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1946 ló kọ́kọ́ gbé ìwé kan jáde lórí ìtọ́jú ọmọ, ìwé náà sì tà wàràwàrà, ọ̀pọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló rà á. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1950, ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni pé ó sàn kí ọmọ máa dojú bolẹ̀ sùn, torí pé tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tó wá bì, èébì lè há a lọ́fun. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó jọ òótọ́, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tú àwọn ìwádìí àtijọ́ palẹ̀, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde lọ́dún 2005. Wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ láti 1970 ti tó láti fi mọ̀ pé ìdojúbolẹ̀ léwu, àti pé ká ní wọ́n ti tètè kéde ẹ̀ ni, ọmọ tó lé ní 10,000 ni ì bá má kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí wọ́n tó wá ka 50,000, ó kéré tán, ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti apá Australia. Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ràn tí kò tọ̀nà, kódà tó bá ti ẹnu dókítà jáde, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹni tó jẹ́ kí ariwo ọ̀rọ̀ yìí dé etí gbogbo èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ni Anne Diamond, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí obìnrin náà lórí amóhùnmáwòrán, owó wà, dókítà wà, ilé tó dáa wà. Ní July 1991, Sebastian ọmọ ẹ̀, tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin péré, sùn, kò jí mọ́. Anne Diamond ò jókòó sínú ilé kó máa sunkún lásán. Ó lọ sí New Zealand, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fáwọn ìyá pé kí wọ́n yé da ọmọ dojú bolẹ̀, ó sì rí i pé ikú àwọn ọmọ ọwọ́ ti ń dín kù níbẹ̀. Ló bá padà sílé, ló bá gbé ìjọba lọ́rùn. Nígbà tó fi máa di December ọdún yẹn, ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ tó ń kú báyẹn níbẹ̀ lé ní 1,000 lọ́dún. Láàárín ọdún díẹ̀, iye náà já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Àwọn Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn tiwọn ní 1992, wọ́n sọ ọ́ di ìpolongo ńlá ní 1994, tiwọn náà sì dín kù tó ìlàjì. Wọn ò fún ọmọ lóògùn kankan o, wọn ò gún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n kàn yí i padà ni.

Ṣùgbọ́n ti èébì yẹn ńkọ́? Ìbéèrè tí gbogbo ìyá àgbà máa ń bi nọ́ọ̀sì nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n dá wọn lóhùn dáadáa, kì í ṣe kí wọ́n kanra mọ́ wọn. Ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun èèyàn. Ọ̀nà èémí wà níwájú, ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn ẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló máa wà lókè, tọ́nà oúnjẹ máa wà nísàlẹ̀. Bí ọmú tó mu bá fẹ́ padà jáde, ó gbọ́dọ̀ gòkè kó tó lè kó sí ọ̀nà èémí, ọmọ á sì ti gbé e mì tàbí kó tu ú jáde kó tó débẹ̀. Ẹ wá da ọmọ yẹn dojú bolẹ̀: ọ̀nà oúnjẹ ti bọ́ sókè, ọ̀nà èémí ti bọ́ sísàlẹ̀, ohun tó bá ń ṣàn bọ̀ ò sì ní ibòmíì tó máa já sí. Àṣé ibi tá a sọ pé à ń sá fún gan-an là ń lọ.

Ti pé ọmọ máa ń sùn wọra tó bá dojú bolẹ̀, òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Oorun tó wọra jù fún ọmọ ọwọ́ kì í ṣe oríire, torí pé ó yẹ kí ọmọ lè ta jí bí afẹ́fẹ́ ò bá tó o. Tó bá fi imú kan fóòmù tó rọ̀, èémí tó mí jáde náà ló tún máa ń mí sínú, ara ẹ̀ á sì tún máa gbóná. Àwọn dókítà ò tíì mọ gbogbo ìdí tọ́mọ kan fi ń kú báyẹn tí èkejì ò kú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin ló ń ṣẹlẹ̀ jù, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà. Fífi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ náà ò dáa, torí ìyẹn ò ju kí ọmọ yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ kó sì dojú bolẹ̀.

Wàyí o, ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin, ó ti pé márùn-ún, ó ti mọ yíyí. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi ìdí tàkìtì, ó ti dojú bolẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń pàdánù oorun tiwọn nìyí. Òmíràn á jí ní agogo méjì òru, á yí ọmọ padà, kó tó padà sùn ọmọ ti tún yí. Ohun táwọn dókítà sọ ni pé títí ọmọ á fi pé ọdún kan, ẹ̀yìn lẹ ó máa kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí, lọ́sàn-án àti lóru. Bó bá ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń yí láti ẹ̀yìn sí àyà, tó tún mọ bí wọ́n ṣe ń yí padà láti àyà sí ẹ̀yìn, ẹ fi í sílẹ̀ bó bá ṣe yíra sí. Ọrùn ẹ̀ ti le, apá ẹ̀ ti lágbára, ó lè gbé orí kúrò níbi tí kò bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ ẹyọ ọ̀kan, tó ń yí lọ tí kò mọ̀ ọ́n yí bọ̀, ẹ dá tiẹ̀ padà bẹ́ ẹ bá rí i, ṣùgbọ́n kò ní kẹ́ ẹ má sùn nítorí ẹ̀. Ẹ sì yé fi ṣọ́ọ̀lù dì í ní àdìpọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń gbìyànjú àtiyí, torí ọmọ tí wọ́n di lọ́wọ́ mọ́ra, tó wá yí dojú bolẹ̀, kí ló fẹ́ fi gbéra?

Nǹkan míì wà tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ti mọ́ ọn lára, tí ẹnì kan wá lọ dà á dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, ewu tiẹ̀ tún ju ti ọmọ tó ti mọ́ lára lọ. Ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀, kó sọ fáwọn tó ń bá a tọ́jú ọmọ, kó sì sọ fún ìyá ọkọ. Bẹ́ ẹ bá sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn tó ti sùn sínú ọ̀já, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé bó ṣe dojú kọ ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ yí i padà.

Pílò ló tún kù. Kò sí ilé tí wọn ò ti ń ṣe é: ọmọ ti ń yí, ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má já bọ́, ni wọ́n bá to pílò yí i ká bí ẹni mọ odi. Ẹlòmíràn ká ìró mẹ́ta, ó fi há àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Pílò yẹn, ìró yẹn, àwọn ni ọmọ máa yí imú sí. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn sì burú ju kó já bọ́ lọ, torí ọmọ lè yọ́ síbẹ̀ kó há. Ẹni tó bá lágbára kọ́ọ̀tì ọmọdé, kó rà á, kó tẹ́ fóòmù tó le, kò gbọdọ̀ sí pílò, aṣọ ìbora tó ń lọ bọ̀ tàbí bèbí onírun nínú ẹ̀. Ẹni tí ò bá lágbára ẹ̀, ilẹ̀ò-gbẹ́nì-kan-ṣubú ni ọ̀rọ̀ ẹ̀. Kó gbé fóòmù kékeré tó le sílẹ̀, kó jìnnà sí ògiri, kó na aṣọ kan pere lé e kó fi há abẹ́ ẹ̀, kó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, kó sì há etí nẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀ dáadáa kó má wó lé ọmọ lójú. Inú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá ẹ̀ ni kó wà fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, ṣùgbọ́n kó ní ibùsùn tiẹ̀. Àga tìmùtìmù inú pálọ̀ ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀, kí bàbá tó ti iṣẹ́ dé, tó ti gbé ìgò méjì, má ṣe gbé ọmọ sáyà sùn síbẹ̀.

Ẹ sì dákun, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà nínú ooru Èkó, nígbà tí iná ò sí, ṣé òtútù ló ń mú ọmọ ni àbí ẹ̀rù ló ń bà yín?

Ìyá àgbà tún ní ẹjọ́ kan ṣá, ìpàkọ́. Ó ní gbogbo omi gbígbóná tóun fi ń tẹ orí ọmọ láàárọ̀, tó bá ń fẹ̀yìn sùn, ìpàkọ́ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, orí àwọn ọmọ kan máa ń tẹ́ díẹ̀, ó sì máa ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n ti ń dàgbà. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé bí ọmọ bá lajú sílẹ̀, tẹ́nì kan ń wò ó, ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí ẹní kó máa ṣeré, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ibẹ̀ lọrùn ti ń le. Iṣẹ́ ìyá àgbà sì nìyẹn gan-an, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o. Àwọn ìyá tó ń wọkọ̀ òfuurufú lọ gbọ́mọ ní Peckham náà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń bá ara wọn, tí nọ́ọ̀sì òyìnbó bá ti yẹ ibi tọ́mọ ń sùn wò tán.

Nílé Agége yẹn, wọ́n ti gbé fóòmù wálẹ̀. Orúnkún ń dun ìyá àgbà, ó ní ìnàró òun àtìbẹ̀rẹ̀ òun ti di ìṣòro, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fojú sọ́nà. Lóru, ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, tó ti mọ̀ ọ́n yí lọ yí bọ̀, yí gbirigbiri, ó dojú bolẹ̀, ó ń hanrun. Ni ìyá ẹ̀ bá fò dìde.

"Fi í sílẹ̀," ìyá àgbà wí látorí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣebí nọ́ọ̀sì yín ló ní tó bá ti fúnra ẹ̀ yí, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀?"