Ọyẹ́ Dalori: Ojú Lásán Kò Lè Wọn Eruku

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Eruku tó ń bo Dalori, lójú ọ̀nà Bama, nígbà ọyẹ́ jẹ́ ogun tí a lè gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni a ń gbọ́ gan-an?

Púpọ̀ nínú eruku yìí ń ti Bodélé wá, ilẹ̀ gbígbẹ tí adágún àtijọ́ fi sílẹ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, ó ju 700 kìlómítà lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá ló ń gbé e. Bí afẹ́fẹ́ náà bá le níbẹ̀ lónìí, eruku lè kàn wá lọ́la. Ìdí nìyí tí àjọ NiMet fi ń lè kéde rẹ̀ ṣáájú.

Àmọ́ ohun tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń sọ jù ni bí ojú yóò ṣe ríran jìnnà tó, nítorí àwọn awakọ̀ òfuurufú. Eruku tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró kéré débi pé irun orí kan nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30. Lóru ọyẹ́, ilẹ̀ a tutù, atẹ́gùn tútù a dúró nísàlẹ̀, èyí tó gbóná a sì bò ó bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín igi ìdáná àti ti jẹnẹrétọ̀ a há sábẹ́ rẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú ilẹ̀ gbóná. Nítorí náà, òwúrọ̀ tí ojú ríran dáadáa lè burú fún èémí.

Ẹni tí yóò sọ àsọtẹ́lẹ̀ tó péye gbọ́dọ̀ mọ agbára afẹ́fẹ́, otútù òru, ọ̀rinrin àti òjò. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń wọn eruku nílẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá àsọtẹ́lẹ̀ àná ṣẹ. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí eruku wẹ́wẹ́ yìí má ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú mítà kúbíìkì atẹ́gùn kan láàárín wákàtí 24. Ojú ta ló lè wọn ìyẹn?

Kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wa bá ìjọba sọ ọ́: kí ẹ̀rọ náà wà ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, kí rédíò sì máa ka èsì rẹ̀ ní Kanuri, Hausa àti Yorùbá. Títí dìgbà náà, tí wọ́n bá ti kéde eruku, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé àti àgbàlagbà pẹ́ níta. Ẹ má dáná igi nínú yàrá, ẹ má sì sun pàǹtí láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọyẹ́ kò mọ onílé, kò mọ àlejò.