Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Yé Fi Nọ́ńbà Ńlá Tan Àwọn Ọ̀dọ́ Jẹ

Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ti sọ nọ́ńbà di òògùn. Kí ọ̀dọ́ kan kúrò ní Iffe-Ìjùmú, kí ó lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá, tàbí kí ó tilẹ̀ dé ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà ní Èkó, kí ó ní òun fẹ́ to kọ̀ǹpútà tí òun yóò fi máa gbá géèmù. Ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé power supply 1000 wáàtì ló dára jù. Bí owó rẹ̀ kò bá ká a, wọn yóò na òmíràn tí wọ́n kọ 600 sí lára sí i, tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí ó ya ọlọ́gbọ́n lẹ́nu. Ìmọ̀ràn méjèèjì ni kò dára. Èkíní ń ta ohun tí oníbàárà kò nílò fún un. Èkejì ń ta irọ́ fún un.

Power supply, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń pè ní power pack, ni àpótí tó ń gba iná 230 fóltì láti ara ògiri, tó sì ń sọ ọ́ di iná kékeré tí àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà lè lò, pàápàá iná 12 fóltì. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ òpin ẹrù tó lè gbé. Kì í ṣe iye iná tí yóò máa jẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá ń fẹ́ 300 wáàtì, 300 náà ni àpótí yóò fún un, ìbáà jẹ́ 550 tàbí 1000 ni wọ́n kọ sí i. Àpótí ńlá kì í mú kí géèmù yára, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ìṣirò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò le. Graphics card tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lépa, RTX 4060 ti iléeṣẹ́ NVIDIA, ń lo 115 wáàtì. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà bíi Core i5-12400 ti Intel, tí wọ́n kọ 65 wáàtì sí, lè gòkè dé 117 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí á fún fáànù, ibi ìpamọ́ àti àwọn ẹ̀yà yòókù ní 80. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 312 wáàtì. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e, kò ì pé 420. Àpótí 450 tó jẹ́ ojúlówó yóò gbé e. 550 yóò gbé e pẹ̀lú ìrọ̀rùn, 550 náà sì ni NVIDIA fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn fún káàdì yìí. RTX 5090, tó jáde ní ọdún 2025, tó sì lè jẹ 575 wáàtì fúnra rẹ̀, ni wọ́n dámọ̀ràn 1000 fún. Ẹni tí kò ra ẹṣin kò ní kí wọ́n bá òun kọ́ ilé ẹṣin.

Àwọn kan yóò ní ó sàn kí ó ṣẹ́ kù ju kí ó má tó lọ, àti pé ọ̀dọ́ náà lè ra káàdì tó lágbára jù lọ́jọ́ iwájú. Òótọ́ wà níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìdá kan nínú mẹ́ta fi wà nínú ìṣirò òkè yìí. Ẹni tó bá ń gbèrò káàdì ńlá lè ra 650 tàbí 750. Ṣùgbọ́n láti ti 550 fò sí 1000 kì í ṣe ìmúrasílẹ̀. Owó tí ìbá ra ìrántí tàbí ibi ìpamọ́ fún un ni ó sin sínú àpótí.

Èyí tó burú jù ni irọ́ ara àpótí. Ẹni tó fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó má wo nọ́ńbà gàdàgbà tó wà níwájú. Kí ó yí àpótí náà, kí ó wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, kí ó wo iye ámpíà tó wà níbẹ̀, kí ó sì fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí wọ́n bá kọ 500 wáàtì síwájú, tí ámpíà 12 fóltì sì jẹ́ 18, wáàtì 216 péré ló wà fún káàdì àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Níbo ni ìyókù wà?

Orúkọ ńlá nìkan kò sì tó ẹ̀rí. Ní ọdún 2021, ìkànnì Gamers Nexus ní Amẹ́ríkà dán àpótí GP-P750GM àti GP-P850GM ti iléeṣẹ́ Gigabyte wò, púpọ̀ nínú wọn sì bú gbàmù. Nígbà tí ariwo pọ̀, Gigabyte dín ìwọ̀n ẹrù tí àpótí náà ń dé kí ó tó pa ara rẹ̀ kù, ó sì gbà láti pààrọ̀ àwọn kan. Àwọn oníbàárà ibẹ̀ ní ẹni tó bá wọn dán an wò àti ibi tí wọ́n lè dá ọjà padà sí. Kí ni ọmọ Iffe ní, yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n kọ “ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà” sí?

Nílẹ̀ Òkun, ìbéèrè kan tún wà tí olùtajà kì í mẹ́nu bà: ibo ni iná yóò ti wá? Abẹ́ iléeṣẹ́ AEDC ni Ìpínlẹ̀ Kogí wà. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí I better pass my neighbour ni ọ̀pọ̀ ilé ń sá bá, agbára rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ. Fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù ilé sì ń dúró de iná kan náà. Ẹni tí omi agbè kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi àmù mẹ́wàá ṣe? UPS náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: 650VA tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe 650 wáàtì, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò lè gbé ju 360 sí 390 lọ. Àwọn àpótí olówó pọ́ọ́kú kan sì ní bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń yan 115 tàbí 230 fóltì. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ sórí 115, tó sì kì í bọ iná Nàìjíríà, yóò gbọ́ ariwo kí ó tó rí àwòrán.

Èyí tó yẹ kí wọ́n máa bá a sọ ni bí àpótí ṣe ń ná iná. Láti ọdún 2004 ni àmì 80 PLUS ti wà fún àpótí tí kì í fi ju ìdá 20 nínú 100 iná ṣòfò. Kọ̀ǹpútà tó ń fẹ́ 300 wáàtì yóò fa 375 láti ara ògiri bí àpótí rẹ̀ bá ń lo ìdá 80 nínú 100 dáadáa. Bí ó bá ń lo ìdá 90, nǹkan bí 333 ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo ẹni tó ń ra epo sínú ẹ̀rọ amúnáwá mọ ohun tí 42 wáàtì yẹn túmọ̀ sí ní àpò.

Àwọn àgbàlagbà kan yóò ní ìranù ni géèmù. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan náà ni ọ̀dọ́ fi ń ṣe àtúntò fídíò, tó fi ń yàwòrán, tó fi ń kọ́ iṣẹ́ tí yóò máa fún un lóúnjẹ láìkúrò nílùú. Àpótí búburú tó bá jó kì í dá nìkan lọ. Ó lè pa káàdì àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí owó tí ìyá fi iṣu tà kó jọ sì di eérú ní ìṣẹ́jú kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nítorí náà, kí àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà wọ àwọn ìsọ̀ yìí, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn àpótí tí wọ́n ń tà, kí wọ́n sì kó èyí tó ń parọ́ kúrò lórí àtẹ. Kí olùtajà tó bá ní ọjà òun dára kọ iye ámpíà 12 fóltì àti oṣù tí òun yóò fi gbà á padà sínú rìsíìtì. Kí ẹni tó ń lọ rà á ṣírò tirẹ̀ sórí ìwé kí ó tó kúrò ní Iffe, kí ó sì gbé ìwé náà lé orí tábìlì olùtajà. Bí olùtajà bá kọ̀ láti yí àpótí náà kí oníbàárà lè ka ara rẹ̀, kí ó gbé owó rẹ̀, kí ó sì lọ sí ìsọ̀ kejì.