Ohùn Yín Há? Ẹ Dákẹ́ Díẹ̀

Ìlóbì, nílẹ̀ Yewa, wà lára àwọn ìlú tó ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń kọrin, ohùn sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Tí ọ̀fìnkìn bá wá mú un lọ́sẹ̀ ọdún ńkọ́?

Tán-án-ná méjì ló wà nínú gògóńgò, àwọn ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Tí àìsàn bá mú wọn, wọ́n á wú, wọ́n á wúwo. Ohun tó wúwo kì í yára gbọ̀n, ni ohùn bá lọ sílẹ̀. Wọn ò ní lè pàdé dáadáa mọ́, èémí á máa jò láàárín wọn, ohùn á há.

Lójú tèmi, kápúsù tá a máa ń sáré lọ rà ní kẹ́mísìtì kọ́ ni oògùn rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà ń fà á, kápúsù apabakitéríà kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹ mu omi, ẹ sinmi ohùn. Ẹ má sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pàápàá, torí ó lè ni tán-án-ná lára. Tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ lọ rí dókítà. Tó bá jẹ́ pé mímí ló nira, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti ní kí Ẹ̀fẹ̀ dákẹ́ lóru ọjọ́ rẹ̀. Àmọ́ ọdún míì ń bọ̀; ohùn ò ṣe é rà lọ́jà.