Ẹ Jẹ́ Kí Á Ti Inú Oko Bẹ̀rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí bí irúgbìn ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ bí òun yóò ṣe dàgbà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé, kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ẹ̀kọ́ nípa ewéko? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Ní Aráròmí-Obu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iṣẹ́ kòkó ni a mọ̀. Kí á tó kó ọmọ kòkó lọ sóko, abẹ́ àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ni a ti ń tọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù kún ti orí àtíbàbà ìyá àgbà, mo tò ó nípọn, mo rò pé àánú ni mo ń ṣe àwọn ọmọ kòkó náà. Nígbà tí ìyá àgbà dé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti dì wọ́n lójú. Oòrùn ni wọn yóò máa wá kiri, wọn kò ní ráyè sanra." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kòkó náà fi ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí wọn kò sì lè dá dúró.

Ní ọdún náà, wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí kan náà ní kíláàsì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A há ọ̀rọ̀ gígùn gígùn sórí, a sì fi yege nínú ìdánwò. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni olùkọ́ ń sọ. Ohun tí ó ń dùn mí nìyẹn.

Kí ni àwọn onímọ̀ rí? Ní ọdún 1880, Charles Darwin, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Francis ọmọ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí bí irúgbìn ṣe ń yí ara padà. Wọ́n dé fìlà tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá sí orí ọmọ koríko tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Àwọn tí wọn kò dé ní fìlà tẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Àwọn tí wọ́n dé ní fìlà kò tẹ̀ síbikíbi. Ẹ ò rí i pé Darwin náà di koríko lójú! Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé orí ni ọmọ koríko fi ń mọ ìmọ́lẹ̀, tí orí a sì ránṣẹ́ sí ara nísàlẹ̀.

Ní ọdún 1959, àwọn onímọ̀ ní Beltsville, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí ohun tí ń ṣiṣẹ́ ojú yìí nínú irúgbìn. Wọ́n pè é ní phytochrome. Ìmọ́lẹ̀ pupa ń ṣí i bí ìlẹ̀kùn. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ mìíràn, tí ó pupa dé ibi tí ojú ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i mọ́, ń tì í padà. Ewé tí ó wà lókè a máa gba ìmọ́lẹ̀ pupa sílò, a sì jẹ́ kí èkejì kọjá sísàlẹ̀. Nípa èyí ni irúgbìn tí ó wà lábẹ́ fi ń mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ṣíji bo òun. Yóò wá na ọrùn, yóò sáré lọ sókè, kò ní ráyè sanra. Ìyá àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí á rò pé kò sí ohun tí àwọn àgbà wa kò mọ̀. Ẹ wo ewédú. Nígbà òjò, ewé ni ó máa ń yọ ṣáá. Bí a bá gbìn ín sí etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní tíì ga púpọ̀ tí yóò fi yọ òdòdó tí yóò sì so, bí a tilẹ̀ ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Ìyá àgbà ní ooru ni. Àwọn onímọ̀ ní òru ni. Ní ọdún 1920, Garner àti Allard ní Amẹ́ríkà fi tábà àti ẹ̀wà sóyà hàn pé gígùn ọjọ́ ni ó ń sọ fún irúgbìn mélòó kan pé àkókò àtiyọ òdòdó tó. Nígbà tí ó ṣe, Hamner àti Bonner fi hàn ní ọdún 1938 pé gígùn òru gan-an ni irúgbìn ń kà. Ewédú wà nínú àwọn tí òru gígùn ń mú so. Ní agbègbè wa, ọjọ́ tí ó gùn jù ní oṣù kẹfà kò fi wákàtí kan ju èyí tí ó kúrú jù ní oṣù kejìlá lọ. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n ewédú rí i. Àgbẹ̀ tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbìn fún ewé, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó gbìn fún èso.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ìyá àgbà mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Onímọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ta ni yóò so wọ́n pọ̀? Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ fún sáyẹ́ǹsì, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a máa ń ṣí, a ó wá máa túmọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá pe phytochrome ní "ojú ewé", ẹni tí ó gbọ́ yóò ṣí ìwé rẹ̀ ni! Mo dá a lábàá pé kí á pè é ní "aṣọ́mọ́lẹ̀", nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Èyí tí kòkó sì ń ṣe lábẹ́ òjìji, "wíwá oòrùn" ni. Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀dá èyí; láti ẹnu àgbẹ̀ ni mo ti gbà á.

Àwọn kan ní èdè wa kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé e ní ọdún 2025. Bí ìjọba bá ṣíwọ́, kò yẹ kí àwa ṣíwọ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: nígbà tí ẹ bá lọ fún ìsinmi, kí oníkálùkù gba ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lẹ́nu àgbẹ̀ bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pe àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko jókòó, kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí á sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí lọ́dún tí ń bọ̀. Ọmọ kòkó tí a dì lójú kò lè sanra. Ẹ má jẹ́ kí á di ọmọ wa lójú. Ire o.