Àká kan ṣoṣo kò tó fún ìwé gbogbo ìlú

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Gbogbo ẹni tó ń ná ọjà Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ló mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n tó bá kan kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó ìwé wa sí, ó jọ pé à ń gbàgbé rẹ̀.

Lónìí, ìwé ìbí ọmọ, ìwé ilẹ̀, owó tí a fi pamọ́ sórí tẹlifóònù, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé. Kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà lè ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, bí agbo ilé kan tí ìdílé púpọ̀ ń gbé, tí kálukú ní yàrá tirẹ̀. Bí ìwé gbogbo wọn bá wà nínú sáfà yẹn nìkan, ọjọ́ tó bá bàjẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń kó ìwé náà sínú àká àpapọ̀, tí sáfà méjì tàbí mẹ́ta ń gba orí wáyà lọ bá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, nítorí ẹrù ṣì wà nínú àká. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ti ṣe NFS, kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ lè jọ máa lo fáìlì kan náà.

Mo fara mọ́ àká àpapọ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí á rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí wáyà kan ṣoṣo bá so gbogbo sáfà mọ́ àká, ọjọ́ tí eku bá gé e, kò sí èyí tó wúlò mọ́. Wáyà méjì ló yẹ, kí kálukú gba inú àpótí switch tirẹ̀ kọjá. Ó tún yẹ kí ọ̀nà àká dá wà, kí ẹni tó ń wo fídíò ní ọ́fíìsì má bàa dí i.

Èyí tó burú jù ni kí àká fúnra rẹ̀ jóná. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sáfà OVHcloud ní ìlú Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n ilé kan run pátápátá. Àwọn oníbàárà kan wà tí ìwé wọn àti ẹ̀dà rẹ̀ jọ wà nínú ilé náà, wọ́n sì jọ jóná. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iná bátìrì ní ìlú Daejeon, nílẹ̀ Kòríà, run G-Drive, àká tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò. Terabáìtì 858 ló bá iná lọ, kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn.

Àwọn kan á ní owó kò sí. Ẹ̀dà kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀rọ olówó ńlá. Mẹ́rì Kétu lè tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ sí Àjàṣẹ́, kí ti Àjàṣẹ́ wà ní Ṣábẹ̀ẹ́. Kí wọ́n sì máa ṣí i wò lóòrèkóòrè, torí ẹ̀dà tí kò ṣeé ṣí kò yàtọ̀ sí àpò òfìfo. Bí ìwé ìbí bá sọnù, ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò CEP ni ìyà rẹ̀ máa jẹ, kì í ṣe ẹni tó ra ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí wọ́n bá ní ìwé yín ti wọ kọ̀ǹpútà, ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: ọ̀nà mélòó ló wọ àká? Ìlú wo ni ẹ̀dà wà? Ìgbà wo ni ẹ ṣí i wò kẹ́yìn? Títí wọn á fi dáhùn, ẹ má sọ bébà ọwọ́ yín nù.