Ọwọ́ Àgbà Kò Wọ Kèrègbè

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti oògùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ìgò oògùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà kan, tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Nígbà tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, nítorí ó ti lọ sókè gan-an ju ti oṣù tí ó kọjá lọ. Mo bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀. Ó ní òun kò lò ó. Kíá ni mo ti la ẹnu, tí mo ń bá a wí gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa nọ́ọ̀sì. Ìyá kò bá mi jà. Ó na ọwọ́ sínú àpò rẹ̀, ó mú ìgò oògùn tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà jáde, ó gbé e lé orí tábìlì. Ìgò náà kún bámúbámú.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, bá mi ṣí i ná. Láti ọjọ́ tí ọmọ ọmọ mi ti padà sí ilé ìwé, n kò rí ẹni tí yóò bá mi ṣí i."

Ọmọrí ìgò náà jẹ́ irú èyí tí ènìyàn ní láti tẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi kí ó tó lè yí i. Bẹ́ẹ̀ làkúrègbé ti mú ìka ọwọ́ ìyá náà ká kò. Ojú tì mí. Mélòó nínú àwọn àgbà tí mo ti bá wí láti ọjọ́ yìí wá ni ó jẹ́ pé ọ̀ràn wọn kò ju ti ọmọrí ìgò lọ? Àrùn ẹ̀gbà kì í sì í wádìí bóyá orí kunkun ni tàbí àìlágbára ọwọ́, kí ó tó gbé ènìyàn ṣánlẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni kèrègbè ayé òde òní. Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe é ní inú búburú. Ní 1970 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin irú ọmọrí yìí, kí àwọn ọmọdé má baà máa gbé oògùn àti májèlé mu, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ṣì í. Àwọn tí wọ́n fi dán ọmọrí náà wò bóyá ọwọ́ àgbà yóò lè ṣí i, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 àti 45 ni. Ta ni ó ń lo oògùn jù nínú ilé? Ṣé ẹni 30 ọdún ni? Àwọn arúgbó tí kò lè ṣí i bẹ̀rẹ̀ sí fi ìgò sílẹ̀ láì dé e, ewu tí a sá fún sì tún gba ẹ̀yìn wọlé. Ní 1995 ni ìjọba wọn tó yí ìdánwò náà padà, pé àwọn ẹni ọdún 50 sí 70 ni kí wọ́n máa lò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: kí ẹnikẹ́ni má ṣe ohun èlò fún àgbà láì bi àgbà léèrè. Ó yẹ kí àwọn ẹnjiníà àti àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ọjọ́ ogbó jókòó pọ̀, kí àwọn àgbà fúnra wọn sì wà níbẹ̀.

Obìnrin kan wà ní New York, Patricia Moore ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ronú bí ohun èlò yóò ti rí. Ní ọjọ́ kan ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá wọn kò lè ṣe ilẹ̀kùn fíríìjì kí ẹni tí làkúrègbé ń bá jà lè ṣí i. Wọ́n ní àwọn kò ṣe nǹkan fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní 1979, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 26, ó sọ ara rẹ̀ di arúgbó: ó kun ojú, ó wọ awò tí ó sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì, ó dí etí, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ kí orúnkún má baà ká. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń rìn bẹ́ẹ̀ ní ìlú 116 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ó mọ bí ó ti ń rí láti gun bọ́ọ̀sì, láti ṣí ilẹ̀kùn, láti ka owó lójú ẹni tí ń kánjú. Àwọn ọmọ ìpátá tilẹ̀ lù ú.

Lónìí, ilé ìwádìí kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999 ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, AgeLab, ti ṣe aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní AGNES. Bí ọ̀dọ́ bá wọ̀ ọ́, ọrùn rẹ̀ yóò le, orúnkún rẹ̀ kò ní fẹ́ ká, ojú rẹ̀ yóò sì ṣú. Ó dára. Ṣùgbọ́n aṣọ ni, a máa ń bọ́ aṣọ. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí tirẹ̀ bọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí àgbà wà níbẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ọmọ ni ẹ̀rọ àgbà, pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọmọ wà ní ilé ìwé. Àti pé kò sí àgbà tí inú rẹ̀ dùn láti máa ké sí ọmọdé kí ó tó lè dé balùwẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé nígbà tí yóò bá fi di 2050, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn arúgbó ayé ni yóò wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, bí tiwa. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ẹ má dúró de tòkèèrè. Ẹ lọ wo bí ìyá yín ti ń dìde lórí àpótí ìdáná.

Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ ṣe ìwọ̀nyí nílé:

1. Ẹ sọ fún ẹni tí ń ta oògùn pé kí ó fún àgbà ní ọmọrí tí ó rọrùn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, òfin gbà kí a béèrè fún un. Ṣùgbọ́n kí ìgò náà jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé.

2. Kí orí ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ nígbà tí àgbà bá dúró tí ó sọ ọwọ́ sílẹ̀. Kí rọ́bà wà ní ìdí rẹ̀. Ọwọ́ tí ó kọjú sí ẹsẹ̀ tí ó yá ni kí ó fi mú un, kì í ṣe ti ẹsẹ̀ tí ń dùn ún.

3. Ẹ pe bíríkìlà kí ó kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má sì máa yọ̀. Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tí ó lé ní ọdún 65 ni í ṣubú lọ́dọọdún.

4. Ẹ jẹ́ kí iná wà lójú ọ̀nà lóru, nítorí ojú àgbà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ.

5. Kí ẹ tó ra fóònù fún bàbá, ẹ mú bàbá dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Etí àgbà kì í tètè gbọ́ ohùn tín-ín-rín. Ẹ jẹ́ kí ó yan èyí tí òun gbọ́.

Ìyá náà padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Mo ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ti fi ìgò mìíràn ránṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀. Oògùn kan náà ni, ọmọrí nìkan ni a pààrọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.