Tọ́jú Ni, Kì í Ṣe Fi Pamọ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan tó dà bíi pé kò kàn wá. Àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ní oríṣi epo olómi kan tí wọ́n ń pè ní "storable". Bí ẹ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa túmọ̀ rẹ̀, kíá ni yóò sọ pé "epo tó ṣeé fi pamọ́". Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo Titan II, rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun tí Amẹ́ríkà lò láti 1963 sí 1987. Ọ́síjìn olómi ni Titan I tó ṣáájú rẹ̀ ń lò. Ìyẹn tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, àfi kí wọ́n rọ ọ́ sínú táńkì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yìn ín. Ti Titan II yàtọ̀. Tọ̀sán-tòru ni nitrogen tetroxide àti Aerozine 50 wà nínú táńkì rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan tó láti yìn ín.

Ṣé wọ́n wá fi pamọ́, wọ́n lọ sùn? Rárá o. Májèlé ni méjèèjì, bí wọ́n bá sì fara kanra, wọn ò nílò ìṣáná kí wọ́n tó gbiná. Ní August 1978, èyí tó jò ní Rock, Kansas, pa sójà méjì. Ní 18 September 1980, nítòsí Damascus ní Arkansas, orí sípánà kan tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 4 bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, ó já wálẹ̀, ó sì lu táńkì epo. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ibẹ̀ bú gbàmù, sójà kan sì kú. Orí sípánà lásán!

Táńkì fúnra rẹ̀ ò sinmi. Red fuming nitric acid máa ń jẹ irin táńkì, àfi ìgbà tí wọ́n fi hydrofluoric acid díẹ̀ sí i, tí kò tó ìdá 1 nínú 100, tí eépá tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi bo irin náà nínú. Àbí ẹ ò rí nǹkan, ásíìdì ló ń gba irin lọ́wọ́ ásíìdì.

Ohun tí a fi pamọ́, a lè gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń tọ́jú owó, a sì máa ń tọ́jú aláìsàn; ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló ru méjèèjì. A ti ní "ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà" nínú gírámà wa. Kí ló dé tí a ò lè ní "epo aṣeétọ́jú"? Ẹni tó bá ní ó gùn jù, kó mú tirẹ̀ wá, kó ṣáà má fi "pamọ́" sí i.